Sọ́fítíwíà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Fi Gba Ohùn Sílẹ̀ Nínú Ilé?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí ó ti di iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín, èyí ni gbígba ohùn sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nínú ilé. Ẹlòmíràn fẹ́ máa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí àwọn tí kò lè wá lè gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn fẹ́ máa ka ìwé sókè fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Ẹlòmíràn fẹ́ gba ìtàn ìdílé lẹ́nu ìyá àgbà kí ó tó pẹ́ jù. Ẹlòmíràn sì fẹ́ kí ó di iṣẹ́ tí yóò máa mú owó wọlé. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ béèrè: "Sọ́fítíwíà wo ni ó dára jù?"

Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Bí ènìyàn bá ní kí wọ́n ta ọkọ̀ tí ó dára jù fún òun, ẹni tí ó ń tà á yóò bi í léèrè pé kí ni ó fẹ́ fi kó. Ẹni tí yóò máa kó iyanrìn àti ẹni tí yóò máa gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò lè ra ọkọ̀ kan náà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà rí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí kò bá yàn án dáadáa lè fi owó ṣòfò. Ó lè máa lo ohun tí a jí láìbìkítà. Èyí tí ó wúwo jù ni pé ohùn tí a kò lè rí gbà mọ́ lè ti ibẹ̀ sọnù. Bí ìyá àgbà bá ti lọ, tí fáìlì tí a fi ohùn rẹ̀ sí kò sì ṣí mọ́, kò sí owó tí a lè fi rà á padà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ẹsẹẹsẹ.

1. KÍ NI SỌ́FÍTÍWÍÀ YÌÍ Ń ṢE GAN-AN?

Nígbà tí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń mì. Máìkì a sọ mímì afẹ́fẹ́ náà di iná mànàmáná tí ó kéré púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ kan tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, tàbí nínú àpótí kékeré tí a so máìkì mọ́, a máa wọn iná náà lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì máa kọ ohun tí ó bá wọ̀n sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Àwo CD tí ilé iṣẹ́ Sony àti Philips gbé jáde ní ọdún 1982 ń lo ìwọ̀n ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí rẹ̀ ni pé etí ọmọ ènìyàn kì í sábà gbọ́ ohùn tí mímì rẹ̀ bá ju 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye ìgbà tí a ó wọ̀n ọ́n sì gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ kí ohùn náà tó lè padà bí ó ti wà.

Níbo wá ni sọ́fítíwíà ti wọlé? Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gba àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn, kí ó kó wọn sí fáìlì, kí ó fi wọ́n hàn wá bí àwòrán, kí ó sì jẹ́ kí a lè gé wọn, kí a lè lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí a sì lè gbé ohùn sókè tàbí kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Kókó kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí gbogbo wa dì mú. Bí ẹni méjì bá jókòó sí yàrá kan náà, tí wọ́n lo máìkì kan náà àti àpótí kan náà, tí ọ̀kan lo sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, tí èkejì lo èyí tí a fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là rà, ohùn kan náà ni yóò wọlé fún àwọn méjèèjì. Sọ́fítíwíà olówó ńlá kò lè sọ máìkì burúkú di rere. Iṣẹ́ tí a ó ṣe lẹ́yìn tí ohùn bá ti wọlé ni wọ́n fi yàtọ̀ síra.

Ìsọ̀rí méjì ni a lè pín wọn sí. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni èyí tí a ń fi gé ohùn, tí a sì ń fi tún un ṣe, bí ìgbà tí aránṣọ mú àlùmọ́gàjí. Ìsọ̀rí kejì dà bí sítúdíò odidi tí a kó sínú kọ̀ǹpútà: ó lè to ohùn púpọ̀ lérí ara wọn, ó ní mísà tirẹ̀, ó sì lè ní ìlù àti dùùrù nínú. Èyí ni àwọn olórin ń pè ní DAW. Ẹni tí ó kàn fẹ́ gba ohùn ẹnìkan sílẹ̀ kò nílò odidi sítúdíò. Ẹni tí ó fẹ́ to ohùn mẹ́wàá lérí ara wọn ni yóò rí i pé àlùmọ́gàjí nìkan kò tó.

2. ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN TÍ A GBỌ́DỌ̀ BI ARA WA

(a) Kí ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀? Ṣé ohùn ẹnìkan ni, tàbí ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì tí oníkálukú ní máìkì tirẹ̀, tàbí orin pẹ̀lú ìlù àti elégbè? Ẹ kọ ìdáhùn yìí sórí ìwé kí ẹ tó bèèrè iye owó.

(b) Kọ̀ǹpútà wo ni mo ní? Àwọn sọ́fítíwíà kan wà tí ó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ Apple nìkan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn kò sí fún Linux. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ àlòkù tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, sọ́fítíwíà ńlá yóò máa fà á lẹ́sẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè gba Windows tuntun lè gbé Linux sí i, nítorí pé Audacity, Ardour àti REAPER ń ṣiṣẹ́ lórí Linux.

(d) Èló ni mo ní, báwo ni wọn yóò sì ṣe máa gbà á lọ́wọ́ mi? Ọ̀fẹ́ wà, àsanwólẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo wà, owó oṣooṣù náà sì wà. Owó oṣooṣù lè dà bí ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń gbà á, ẹ̀yin sì mọ bí dọ́là ti ń ṣe sí náírà. Ẹni tí kò ní owó tí ń wọlé lóṣooṣù kò gbọdọ̀ ti ọrùn bọ gbèsè oṣooṣù nítorí sọ́fítíwíà.

(e) Ta ni yóò kọ́ mi, ta ni yóò sì bá mi ṣiṣẹ́? Bí ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò bá ti mọ sọ́fítíwíà kan dájú, tí ó sì ṣe tán láti kọ́ yín, èyí tí ẹ̀gbọ́n yẹn mọ̀ lè wúlò fún yín ju èyí tí gbogbo ayé ń pariwo lọ.

(ẹ) Bí mo bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ́la ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni àwọn ènìyàn kì í bèèrè, òun ni ó sì le jù. Iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe sínú sọ́fítíwíà kan, ṣé ẹ lè kó o jáde ní ọ̀nà tí sọ́fítíwíà mìíràn yóò fi lè ṣí i? A ó padà sórí èyí.

3. Ẹ JẸ́ KÍ A YẸ WỌ́N WÒ NÍ Ọ̀KỌ̀Ọ̀KAN

Audacity. Ọ̀gbẹ́ni Dominic Mazzoni àti ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Dannenberg ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde fún gbogbo ènìyàn ní oṣù karùn-ún ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé àṣẹ rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láàyè láti lò ó, láti pín in fún ẹlòmíràn, àní láti wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Muse Group gbà á sí abẹ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́. Fún ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀, kí ó gé ibi tí a ti kọ́ tàbí tí a ti sín kúrò, kí ó dín ariwo kù, kí ó sì gbé e jáde, Audacity tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò rọrùn bí iṣẹ́ bá di orin ńlá tí ó ní ohùn púpọ̀. Ohun kan tún wà láti mọ̀. Kí ó tó di oṣù kẹta ọdún 2021, iṣẹ́ kan nínú Audacity máa ń jẹ́ fáìlì kékeré kan pẹ̀lú àpò kan tí ó kún fún ègé ohùn. Bí ènìyàn bá dà fáìlì kékeré yẹn nìkan sí orí fúláàṣì, tí ó fi àpò sílẹ̀, kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Láti ìgbà tí Audacity 3.0 ti jáde ni ohun gbogbo ti wà nínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú aup3. Èyí dín wàhálà kù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé sọ́fítíwíà mìíràn lè ṣí fáìlì náà fún yín.

REAPER. Ilé iṣẹ́ Cockos ni ó ni ín. Justin Frankel tí ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ó kọ Winamp tí àwọn ènìyàn fi ń gbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà láyé ọjọ́sí. DAW pípé ni REAPER, síbẹ̀ fáìlì tí a ó fi gbé e sórí ẹ̀rọ kò tó mẹ́gábáìtì 50, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀. Wọ́n fún ènìyàn ní ọjọ́ 60 láti dán an wò láìyọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó bá ń lò ó fún ara rẹ̀, tàbí tí owó tí ó ń pa nídìí rẹ̀ kò ju 20,000 dọ́là lọ lọ́dún, yóò san 60 dọ́là. Ilé iṣẹ́ ńlá ni yóò san 225. Lẹ́yìn ọjọ́ 60 náà, REAPER kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ni. Ó kàn máa ń rán ènìyàn létí pé kò tíì sanwó ni. Ẹ̀rí ọkàn ẹni ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ó yẹ ọmọlúàbí láti ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé ó kún fún ohun tí a lè yí padà débi pé ojú akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lè kọ́kọ́ dàrú.

Ardour. Paul Davis ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. DAW ni, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì fún gbogbo ènìyàn láàyè bí ti Audacity. Àwọn tí ń lo Linux lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ibi tí Linux wọn ti ń gba sọ́fítíwíà. Àwọn tí ó bá fẹ́ èyí tí a ti tò tán fún Windows tàbí Mac yóò san owó díẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe é.

GarageBand àti Logic Pro. Apple ni ó ni méjèèjì, orí ẹ̀rọ Apple nìkan ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. GarageBand jáde ní ọdún 2004, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tí ó bá ní Mac tàbí iPhone. Logic jẹ́ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Emagic ti Jámánì kí Apple tó rà á ní ọdún 2002. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń lo Windows kò ti rí i lò mọ́. Ẹni tí ó bá ti ní Mac, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GarageBand. Ẹni tí kò ní, kí ó má ṣe tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè ra Mac.

FL Studio. Ọmọ ilẹ̀ Belgium ni, ilé iṣẹ́ Image-Line ni ó sì ń ṣe é. FruityLoops ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọdún 2003 ni wọ́n yí i padà. Àwọn tí ń to ìlù orin fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ẹni tí ó bá sì rà á lẹ́ẹ̀kan kì í sanwó mọ́ fún èyí tí ó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù títò ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígé. Ẹ tún kíyè sí i pé nínú èyí tí wọ́n fún ènìyàn láti dán wò lọ́fẹ̀ẹ́, a lè tọ́jú iṣẹ́ wa pamọ́, ṣùgbọ́n a kò lè ṣí i padà àfi bí a bá rà á.

Cubase. Ilé iṣẹ́ Steinberg ti ìlú Hamburg ní Jámánì gbé e jáde ní ọdún 1989. Steinberg yìí kan náà ni ó gbé VST kalẹ̀ ní ọdún 1996, èyí tí ó jẹ́ kí àfikún tí ilé iṣẹ́ kan ṣe lè ṣiṣẹ́ nínú sọ́fítíwíà ilé iṣẹ́ mìíràn. Yamaha ti Japan ni ó ni Steinberg láti ọdún 2005. Ẹ̀dà kékeré Cubase tí wọ́n ń pè ní LE sábà máa ń bá àpótí tí a ń so máìkì mọ́ wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá ra irú àpótí bẹ́ẹ̀ kí ó wo inú páálí rẹ̀ dáadáa kí ó tó lọ ra nǹkan mìíràn.

Pro Tools. Ilé iṣẹ́ Digidesign ní Amẹ́ríkà ni ó mú un jáde ní ọdún 1991. Ilé iṣẹ́ Avid ra Digidesign ní ọdún 1995. Òun ni àwọn sítúdíò ńlá àti àwọn tí ń ṣe fíìmù gbẹ́kẹ̀ lé. Owó oṣù tàbí ti ọdún ni wọ́n sábà fi ń tà á. Láti ọdún 2022 ni ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kan ti wà tí ń jẹ́ Intro, tí kò gbà ju ohùn mẹ́jọ lọ. Ẹni tí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní sítúdíò ńlá lè fi èyí kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nínú yàrá kò nílò rẹ̀.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá ńkọ́? Kí ó fi fóònù rẹ̀ gbà á. Kí ó pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà kí ìpè má baà dá a dúró, kí ó sì gbé e sún mọ́ ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá di pé kí a gbé e wọ Audacity lórí Windows, àwọn fáìlì fóònù tí orúkọ wọn parí pẹ̀lú m4a kì í ṣí àfi bí a bá fi àfikún ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ FFmpeg kún un.

4. Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌTÀN CAKEWALK

Ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà tí ó ti pẹ́ jù fún Windows ni Cakewalk, tí wọ́n pe ẹ̀dà ńlá rẹ̀ ní SONAR. Ní ọdún 2016, wọ́n ta á fún àwọn ènìyàn pẹ̀lú ìlérí pé ẹni tí ó bá ra ti títí ayé kò ní sanwó fún àtúnṣe mọ́ láéláé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Gibson tí ó ni ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun kò ní ṣe é mọ́. Títí ayé náà kò tó ọdún méjì! Ní oṣù kejì ọdún 2018, BandLab rà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 2023, wọ́n tún kéde pé orúkọ tuntun àti ètò tuntun ń bọ̀ wá rọ́pò èyí tí àwọn ènìyàn ń lò.

A kò sọ ìtàn yìí láti bu ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ilé iṣẹ́ lè kú, wọ́n lè tà á, ó sì lè yí ọkàn padà, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọn yóò bi. Ìdí nìyí tí ìbéèrè karùn-ún fi ṣe pàtàkì. Nígbàkígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́ kan, ẹ gbé ohùn náà jáde ní WAV tàbí FLAC. WAV ni Microsoft àti IBM gbé kalẹ̀ ní ọdún 1991, kò sì sí sọ́fítíwíà ohùn gidi kan tí kò lè ṣí i. FLAC jáde ní ọdún 2001, ó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù láìyọ nǹkan kan kúrò nínú ohùn. Fáìlì sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ dà bí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ṣe. WAV ni irè oko náà. Ẹ tọ́jú méjèèjì, ṣùgbọ́n irè oko ni ẹ kò gbọdọ̀ pàdánù.

5. Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ SỌ́FÍTÍWÍÀ TÍ A JÍ

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi bò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni wọ́n ń gba sọ́fítíwíà olówó ńlá tí wọ́n ti já títì rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí wọ́n ń rà á ní owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà. Àwíjàre wọn ni pé àwọn tí ó ṣe é ti lówó, pé wọn kò sì mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí ẹ bá fi oṣù mẹ́ta gba ohùn kan, tí ẹ tún un ṣe tán, tí ẹlòmíràn wá dà á tí ó ń tà á lẹ́yìn yín, ṣé ẹ ó gbà pé nítorí pé kò mọ̀ yín ni kò fi jẹ́ olè? Ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn kì í di tiwa nítorí pé ó jìnnà.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ewu wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ilé iṣẹ́ ESET tí ń gbógun ti kòkòrò kọ̀ǹpútà tú àṣírí ohun kan tí wọ́n pè ní LoudMiner. Inú sọ́fítíwíà orin tí a jí ni wọ́n fi pamọ́ sí, lórí Windows àti Mac, Ableton Live sì wà lára àwọn tí wọ́n lò. Ẹni tí ó bá gbé e sórí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò rí sọ́fítíwíà náà lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní abẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ti máa bá àwọn ọ̀daràn wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí wọ́n fi yan sọ́fítíwíà orin ni pé ó máa ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ kára, nítorí náà kò ní ya oní-kọ̀ǹpútà lẹ́nu bí ẹ̀rọ bá gbóná. Iná tí ẹ fi owó rà, epo tí ẹ bu sí jẹnẹrétọ̀, àwọn ni yóò máa jẹ ẹ́.

Ohun tí ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà bani nínú jẹ́ ni pé kò sí ìdí fún un. Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́. Ardour wà. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ àwọn ńlá wà. Ohun tí wọ́n jí kì í sábà jẹ́ ohun tí iṣẹ́ wọn nílò.

6. YÀRÁ ÀTI MÁÌKÌ JU SỌ́FÍTÍWÍÀ LỌ

Bí a bá rí ẹni tí ohùn iṣẹ́ rẹ̀ kò dára, ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe sọ́fítíwíà ni ó fa á. Yàrá tí ó ṣófo, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìsì, a máa dá ohùn padà. Kò sí bọ́tìnnì kan tí ó lè yọ ìdápadà yẹn kúrò tán. Nítorí náà, kí ẹ tó náwó sórí sọ́fítíwíà, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí:

Ẹ yan yàrá tí ó kéré, tí ó ní bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì àti aṣọ. Ẹ gbé tìmùtìmù tàbí aṣọ ìbora tí ó nípọn kọ́ sí ẹ̀yìn ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹ pa fáànù. Ẹ yan àkókò tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kì í ṣiṣẹ́. Ẹ gbé máìkì sí ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì sí ẹnu, kí ó yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí èémí má baà máa kọlù ú.

Nínú sọ́fítíwíà, ẹ wo ìwọ̀n ohùn bí ó ti ń gòkè. Òdo ni òpin. Bí ohùn bá kọlu òdo, orí rẹ̀ yóò gé, kò sì sí àtúnṣe gidi fún un. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn ti ròkè jù wà láàárín ìyọkúrò 12 sí ìyọkúrò 6. Ó sàn kí ohùn kéré, kí a gbé e sókè lẹ́yìn náà, ju kí ó pọ̀ jù lọ.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn ara yín nínú héédìfóònù tí ó ń pẹ́ kí ó tó dé, ẹ wo ibi tí sọ́fítíwíà ti ń sọ iye ìwọ̀n tí ó ń kó jọ kí ó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ 1024 ní ìwọ̀n 48,000, ìdádúró rẹ̀ yóò tó ìdá 21 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kí a tó ka ti ẹ̀rọ tó kù. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 256, yóò dín sí bí ìdá 5. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dín in kù jù, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára yóò máa já ohùn sílẹ̀.

7. BÍ A ṢE LÈ DÁN WỌN WÒ NÍ ÌRỌ̀LẸ́ KAN

Ẹ mú méjì nínú wọn tí ó bá ìdáhùn yín sí ìbéèrè márùn-ún yẹn mu. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gé ibi mẹ́ta kúrò, ẹ gbé ibi kan tí ohùn ti lọ sílẹ̀ sókè, ẹ sì gbé e jáde ní WAV. Lẹ́yìn náà, ẹ pa sọ́fítíwíà náà, kí ẹ tún ṣí iṣẹ́ náà padà. Èyí tí ẹ lè fi ṣe gbogbo èyí láìbínú ni tiyín.

Ẹ ṣe ìṣirò àyè pẹ̀lú. Wákàtí kan ohùn ẹnìkan ní ìwọ̀n CD yóò gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 318. Bí ẹ bá lo 48,000 pẹ̀lú ìpele 24, yóò gba nǹkan bí 518. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ di MP3 kílóbíìtì 64 láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn, kò ní ju mẹ́gábáìtì 29 lọ, dátà àwọn tí yóò gbà á kò sì ní tán. Ẹ tọ́jú WAV, ẹ fi MP3 ránṣẹ́. Ẹ má ṣe pa WAV rẹ́ nítorí pé MP3 ti jáde, nítorí ohun tí MP3 bá ti yọ kúrò kì í padà mọ́.

Nítorí iná tí ń lọ tí ń bọ̀, ẹ rí i pé bátìrì láptọ́ọ̀pù kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Audacity máa ń gbìyànjú láti gba iṣẹ́ padà bí ẹ̀rọ bá kú lójijì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìyẹn ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Lọ́jọ́ kan náà tí ẹ gba ohùn, ẹ dà á sí ibi mẹ́ta: inú kọ̀ǹpútà, orí háádì dísìkì tàbí fúláàṣì, àti ilé ẹlòmíràn tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ọjọ́, àti ibi tí ó ti sọ ọ́ sí orúkọ fáìlì. Fáìlì tí ń jẹ́ "tuntun 2" kò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni ní ogún ọdún sí i.

ÌPARÍ

Bí ẹ bá fẹ́ kí a sọ ojú abẹ níkòó: ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Audacity lónìí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá di ti ohùn púpọ̀, tí Audacity kò sì tó mọ́, kí ó dán REAPER wò fún ọjọ́ 60, kí ó sì san 60 dọ́là rẹ̀ bí ó bá wúlò fún un. Ẹni tí ó ní Mac, kí ó lo GarageBand. Ẹni tí ń to ìlù, kí ó wo FL Studio. Ẹni tí ó fẹ́ sìn ní sítúdíò ńlá, kí ó kọ́ Pro Tools. Owó tí ẹ bá fi pamọ́, ẹ fi ra máìkì tí ó dára àti kọ́tìnnì tí ó nípọn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí yíyan sọ́fítíwíà gba àkókò tí ó yẹ kí ẹ fi gba ohùn. Àwọn àgbàlagbà tí ó ní ìtàn lẹ́nu kò ní dúró dè wá títí a ó fi rí èyí tí ó dára jù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí sọ́fítíwíà olówó ńlá kò fi lè sọ máìkì burúkú di rere?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín fáìlì aup3 àti fáìlì WAV? Èwo ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn?
3. Kí ni ìtàn Cakewalk kọ́ wa nípa ọ̀rọ̀ "títí ayé" lẹ́nu ẹni tí ń tajà?
4. Ọ̀rẹ́ yín kan fẹ́ fún yín ní sọ́fítíwíà tí wọ́n ti já títì rẹ̀. Kí ni ẹ ó sọ fún un, kí sì ni ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀?
5. Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí oṣù tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù gba ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà kan nínú ilé rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tọ́jú rẹ̀ sí ibi mẹ́ta, kí ó sì mú un wá sí ìpàdé.